Orí Kẹrin: Òkun Tó Wà Lábẹ́ Oko Wa

Láti Adja-Ouèrè, ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, sí etí òkun, tí a bá fi ìlà tààrà wọ̀n ọ́n, ó tó nǹkan bí 70 kìlómítà. Ọmọ lè dàgbà níbẹ̀ láàárín oko àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ láì fojú kan ìgbì òkun títí yóò fi di géńdé. Síbẹ̀, orí ilẹ̀ òkun ló ń rìn lójoojúmọ́. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà fún sìmẹ́ǹtì ní Massè, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Adja-Ouèrè, àti èyí tí wọ́n ń wà ní Onigbolo lápá Pobè, ìkarahun àti egungun àwọn ohun alààyè inú omi iyọ̀ ló kóra jọ tó fi di òkúta, ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí òbí tó bá fẹ́ fi ẹranko ayé àtijọ́ han ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tí ọmọ náà ń tẹ̀. Ìwé àwòrán tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú òyìnbó dára, ṣùgbọ́n ẹranko ilẹ̀ wọn ló kún inú rẹ̀. Ilẹ̀ tiwa ní ẹranko tirẹ̀, ìtàn wọn sì yani lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ìdí láti yá ti ẹlòmíràn lò kí a tó sọ tiwa. Nínú orí yìí, a ó kọ́kọ́ wo eré kan tí àwọn ìdílé káàkiri ayé fi ń rìn kiri pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. A ó wá wo àwọn ẹranko tó ni ilẹ̀ Adja-Ouèrè àti àyíká rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó la ipa-ọ̀nà kan tí bàbá, ìyá àti ọmọ lè jọ tọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi.

Eré tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da àmì GPS tí ará ìlú ń lò rú, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ lè fi nǹkan bí 100 mítà ṣìnà. Ààrẹ Bill Clinton pàṣẹ pé kí wọ́n dá ìdàrú náà dúró, àṣẹ yẹn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù náà. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé korobá kan tó kó nǹkan wẹ́wẹ́ sí lọ sínú igbó lẹ́bàá Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ó kọ nọ́mbà ibi tó gbé e sí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ní kí ẹni tó bá lè wá a wá a. Kò pẹ́ rárá tí àwọn kan fi rí i. Kí oṣù náà tó parí, eré náà ti ní orúkọ: geocaching.

Òfin rẹ̀ kò le. Ẹnì kan á fi àpótí kékeré tí omi kò lè wọ̀ pamọ́ síbì kan, á fi ìwé pélébé sínú rẹ̀, á sì kéde nọ́mbà ibẹ̀. Ẹni tó bá rí i á kọ orúkọ sínú ìwé náà, á sì dá àpótí padà síbi tó ti rí i gan-an. Bó bá mú nǹkan nínú rẹ̀, á fi nǹkan tó tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò. A kì í ri àpótí mọ́lẹ̀, a kì í sì í gbé e sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láì gbàyè.

Ní ọdún 2004, irú eré yìí kan tí kò ní àpótí rárá bẹ̀rẹ̀, Geological Society of America, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, sì wà lẹ́yìn rẹ̀. EarthCache ni wọ́n ń pè é. Nọ́mbà á gbé yín dé ibi tí òkúta, erùpẹ̀ tàbí odò kan ní ìtàn láti sọ. Ẹ ó dúró, ẹ ó wò ó dáadáa, ẹ ó wọn nǹkan, ẹ ó sì dáhùn ìbéèrè tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa ibẹ̀. Ohun tí ẹ mọ̀ nìkan lẹ ó gbé relé. Èyí ló bá abúlé wa mu jù lọ. Kò ní sí ike tí yóò di ìdọ̀tí nínú oko, kò sí ohun tí olè lè gbé, kò sì sí ẹni tí yóò máa gbẹ́lẹ̀ kiri.

Bí fóònù ṣe ń mọ ibi tí a wà

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ bí irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ń yí ayé ká ní òkè tó tó 20,200 kìlómítà. Aago tó péye gidigidi wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì ń fi àmì ránṣẹ́ láì dánu dúró láti sọ iye tí aago lù. Àmì náà ń rìn ní ìyára ìmọ́lẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fóònù á wo bí àmì ṣe pẹ́ lọ́nà tó, á fi ṣírò bí sátẹ́láìtì ṣe jìnnà tó. Sátẹ́láìtì mẹ́ta ló ń tọ́ka ibi tí a wà, ẹ̀kẹrin ló ń tún aago fóònù fúnra rẹ̀ ṣe. Ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, torí pé bí aago bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ṣìnà, fóònù á fi 300 mítà ṣi ibùdó mú.

Ohun kan tó yẹ kí ará oko mọ̀ ni pé gbígba àmì GPS kò jẹ dátà. Máàpù nìkan ló ń jẹ ẹ́, a sì lè ti fi pamọ́ sínú fóònù kí a tó kúrò nílé. Lábẹ́ igbó ọ̀pẹ tó dí, ewé lè dí àmì lọ́wọ́. Ẹ jáde síbi tí ojú ọ̀run ti hàn, ẹ dúró díẹ̀, nọ́mbà á sì fìdí múlẹ̀.

Nọ́mbà Adja-Ouèrè sún mọ́ 7°00′ ní àríwá àti 2°37′ ní ìlà-oòrùn. Nínú èyí àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú kan (àmì ′, kì í ṣe ti aago) dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bí 1.85 kìlómítà lórí ilẹ̀. Bí a bá pín ìṣẹ́jú kan yẹn sí ọ̀nà 1,000, ìpín kọ̀ọ̀kan kò tó mítà méjì. Ọmọ tó bá lè ṣe ìṣírò yìí ti mọ ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ lóde òní, torí pé egungun ayé àtijọ́ tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti rí i ti sọ púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ nù. Nọ́mbà tó ń mú ọmọ dé ibi eré, irú rẹ̀ náà ni onímọ̀ ń kọ sílẹ̀ nígbà tó bá rí eyín tàbí egungun nínú àpáta.

Pupa, dúdú, funfun

Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti so mọ́ra rí. Ní nǹkan bí 110 sí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ tó so wọ́n pọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa ya, òkun sì wọ àárín wọn. Etí ilẹ̀ wa rì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di kòtò gbọọrọ kan tó bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, tó gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, tó sì dé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń fi orúkọ àtijọ́ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pè é: kòtò Dahomey. Odò ń kó iyanrìn wá sínú rẹ̀, òkun sì ń wọlé, ó ń jáde.

Ní 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ayé móoru ju ti òní lọ. Kò sí yìnyín ńláńlá tó gbá omi jọ ní òkè àti ìsàlẹ̀ ayé, nítorí náà òkun ga. Apá òkun kan tilẹ̀ wọ inú ilẹ̀ tó di aṣálẹ̀ Sàhárà lónìí. Níbi tí Massè àti Onigbolo wà, òkun tí kò jìn, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ló wà níbẹ̀. Ohun abẹ̀mí tó níkarahun pọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kú ni ìkarahun wọn ń rọ̀ sísàlẹ̀, tí ọ̀kan ń gorí òmíràn, títí ìwúwo fi tẹ̀ wọ́n mọ́ra di òkúta. Òkúta yìí náà ló wà ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò tó 80 kìlómítà sí Adja-Ouèrè, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960. Ẹnubodè tí òyìnbó fà láàárín wa kò kan òkúta. Òkun kan ṣoṣo ló bí i.

Lẹ́yìn náà ni ẹrẹ̀ kíkúnná wá bo òkúta ẹfun náà. Ẹrẹ̀ yìí ni amọ̀ dúdú tó wà ní ilẹ̀ Lama, ilẹ̀ títẹ́ tó gba àárín gúúsù Bẹ̀nẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ti rìn níbẹ̀ nígbà òjò mọ̀ pé ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà títí ẹsẹ̀ kò fi ní ṣeé gbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sán yánnayànna, ihò rẹ̀ á sì jìn. Àwọn Ọ̀họ̀rí tí wọ́n ń gbé lórí ilẹ̀ yìí kọjú ìjà sí Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹrẹ̀ yìí sì wà lára ohun tó ṣe odi fún wọn, nítorí ọmọ ogun àlejò kì í lè rìn nínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́ ló ràn wọ́n lọ́wọ́.

Èyí tó dé kẹ́yìn ni ilẹ̀ pupa orí òkè, tí àgbàdo àti ọ̀pẹ fẹ́ràn. Odò ló kó o wá lẹ́yìn tí òkun ti fà sẹ́yìn. Pupa lókè, dúdú láàárín, funfun nísàlẹ̀: àwọ̀ mẹ́ta tí Yorùbá fi ń dárúkọ gbogbo àwọ̀ yòókù ni ìtàn ilẹ̀ yìí tò sí.

Àwọn ẹranko tó ni ilẹ̀ yìí

Nínú òkúta ẹfun tó wà ní Ewékorò, àwọn onímọ̀ ti rí ìkarahun olójú méjì, ìkarahun tó lọ́ bíi ti ìgbín, akàn, eyín ẹja, àti ẹranko òkun roboto kan tí ẹ̀gún ń bò lára. Ọ̀pọ̀ ohun alààyè ibẹ̀ kéré débi pé awò asọhundi-ńlá nìkan ló lè fi wọ́n hàn. Àwọn kéékèèké wọ̀nyí ni onímọ̀ fẹ́ràn jù, nítorí wọ́n ń yí padà kíákíá láti ìgbà dé ìgbà, a sì ń fi wọ́n mọ ọjọ́ orí àpáta.

Ekurá ni ẹranko tí ọmọdé yóò kọ́kọ́ béèrè. Kerekere ló di ara ekurá mú dípò egungun, kerekere sì ń jẹrà kíákíá. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ le gan-an. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, eyín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, òmíràn sì ń hù rọ́pò, tó fi jẹ́ pé ekurá kan lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín sílẹ̀ nínú òkun kí ó tó kú. Ìdí nìyí tí eyín ekurá fi wọ́pọ̀ nínú àpáta òkun, tí odindi ekurá sì ṣọ̀wọ́n. Eyín tó fẹ̀, tí etí rẹ̀ rí bíi ti ayùn, ẹran ló fi ń gé. Èyí tó gùn tó sì tín-ín-rín, ẹja tó ń yọ̀ ló fi ń gún mú. Ọmọ lè wo eyín kan ṣoṣo kó sọ ohun tí ẹni tó ni ín jẹ.

Bí a bá kọjá sí Tógò, ní ibi ìwakùsà fọ́sífétì Kpogamé-Hahotoé, ìtàn náà tún dùn sí i. Àpáta ibẹ̀ kéré sí ti Massè lọ́jọ́ orí: ó lé ní 40 mílíọ̀nù ọdún. Ní ọdún 2014, Philip Gingerich àti Henri Cappetta ṣe àpèjúwe ẹranko kan tí wọ́n rí nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Togocetus traversei. Àbùùbùtán ni, ṣùgbọ́n àbùùbùtán tó ṣì ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Àwọn baba ńlá àbùùbùtán ti gbé orí ilẹ̀ rí, wọ́n sì padà sínú omi díẹ̀díẹ̀. Togocetus wà lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀ yẹn. Wọ́n tún rí egungun ìbátan lamantin níbẹ̀, ẹran omi ńlá tó ń jẹ koríko, tí irú rẹ̀ ṣì ń gbé nínú omi gúúsù Bẹ̀nẹ̀ títí di òní.

Ní Ameki, ní ìpínlẹ̀ Abíá ti Nàìjíríà òní, wọ́n rí àbùùbùtán mìíràn tó jẹ́ ìbátan ti Tógò. Charles Andrews sọ ọ́ ní Pappocetus lugardi ní ọdún 1920, ó fi orúkọ Lugard, gómìnà àgbà nígbà ìjọba amúnisìn, dá a lọ́lá. Láti agbègbè yẹn náà ni igbáàyà ẹyẹ kan ti jáde, èyí tí Andrews sọ ní Gigantornis eaglesomei ní ọdún 1916. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé bí ẹyẹ náà bá na ìyẹ́ méjèèjì, wọ́n lè tó mítà mẹ́fà láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Ìdílé ẹyẹ òkun ló ti wá, àwọn tí egungun ṣóńṣó-ṣóńṣó bíi eyín yọ létí àgógó wọn. Ní Málì, níbi tí apá òkun wọ Sàhárà, ejò òkun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Palaeophis colossaeus. Ìṣírò sọ pé ó lè gùn tó mítà 12.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, àwọn àgbà wí. Láti Adja-Ouèrè sí Kpogamé tàbí sí Ewékorò, ìrìn ọjọ́ kan péré ni, ó sì tó láti rí ilé àbùùbùtán ẹlẹ́sẹ̀ àti òkun akàn àtijọ́.

Dáínósọ̀ ńkọ́?

Gbogbo ọmọ ló ń béèrè rẹ̀, ìdáhùn tó tọ́ sì ni kí a fún wọn. Tyrannosaurus rex tó wà lára aṣọ àti àpò ìwé wọn, ìwọ̀-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà ló gbé, ní nǹkan bí 68 sí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Kò dé Áfíríkà rí. Ní 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta ńlá kan já bọ́ láti ojú sánmà síbi tí Mẹ́síkò wà lónìí, ìdààmú tó tẹ̀ lé e sì pa gbogbo dáínósọ̀ àfi àwọn ẹyẹ. Òkúta ẹfun Massè bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó bá ń wá egungun dáínósọ̀ nínú rẹ̀ ń wá òkú síbi tí wọ́n ti kó kúrò.

Ṣùgbọ́n Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní dáínósọ̀ tirẹ̀. Ní Gadoufaoua, nínú aṣálẹ̀ Ténéré ní orílẹ̀-èdè Niger, odò àti igbó ló wà níbẹ̀ ní nǹkan bí 110 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Philippe Taquet ti rí Ouranosaurus nigeriensis, tó ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1976. Egungun rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Boubou Hama ní Niamey. Gadoufaoua náà ni Nigersaurus taqueti ti wá, tí Paul Sereno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ lórúkọ ní ọdún 1999. Ó gùn tó mítà mẹ́sàn-án, eyín ẹnu rẹ̀ lé ní 500, ewéko ilẹ̀ ló sì ń jẹ. Ọ̀nì kan tó ń jẹ́ Sarcosuchus imperator ń lúgọ nínú odò wọn. Orí rẹ̀ nìkan gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ.

Dáínósọ̀ tó kù ní àgbàlá wa ni adìẹ. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé ìran dáínósọ̀ ni ẹyẹ. Kí ọmọ wo ẹsẹ̀ adìẹ, ìpẹ́ ara rẹ̀, èékánná àti ìka mẹ́ta tó kọjú síwájú. Lẹ́yìn náà, kó wo àwòrán ẹsẹ̀ dáínósọ̀ tó ń jẹ ẹran.

Ipa-ọ̀nà ìdílé: ibùdó mẹ́fà

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta, ló dára jù, nítorí ọ̀nà gbẹ, amọ̀ sì ti sán. Kí àgbàlagbà ṣáájú lọ wo ibi kọ̀ọ̀kan, kó gbàyè lọ́wọ́ onílẹ̀, kó kọ nọ́mbà GPS rẹ̀ sílẹ̀, kó sì kọ ìbéèrè rẹ̀ sórí páálí. Àwọn ọmọ ni yóò di fóònù mú, àwọn ni yóò sì ṣamọ̀nà.

Ibùdó kìíní, pápá ilé ìwé. Ẹsẹ̀ kan dúró fún mílíọ̀nù ọdún kan. Láti ibi tí a dúró sí, ìran ènìyàn bíi tiwa kò tíì gba ìdá mẹ́ta ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí egungun irú wa tó dàgbà jù tí a mọ̀, tí wọ́n rí ní Jebel Irhoud ní Mòrókò, tó nǹkan bí 300,000 ọdún. Ní ẹsẹ̀ 45, a pàdé àbùùbùtán ẹlẹ́sẹ̀. Ní ẹsẹ̀ 60, a dé òkun Massè. Ní ẹsẹ̀ 66, dáínósọ̀ ń parun. Ní ẹsẹ̀ 110, ọ̀nì ńlá Niger ń dúró dè wá. Kí ọmọ kan dúró ní ibi kọ̀ọ̀kan kó dárúkọ ẹranko rẹ̀.

Ibùdó kejì, ilẹ̀ pupa lójú ọ̀nà tàbí létí oko. Ìbéèrè: kí ló dé tí gbòǹgbò àgbàdo fi wọlẹ̀ níbí ní ìrọ̀rùn? Ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò omi tó mọ́lẹ̀, ẹ mì í, ẹ gbé e sílẹ̀. Iyanrìn á kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀, èyí tó kúnná á tẹ̀ lé e. Bí odò ṣe ń tò wọ́n nìyẹn.

Ibùdó kẹta, amọ̀ dúdú ní ìhà ilẹ̀ Lama. Ẹ fi igi tín-ín-rín wọn bí ihò tó sán ṣe jìn tó. Ẹ rẹ ìwọ̀nba amọ̀ náà, kí ọmọ fi ọwọ́ lọ́ ọ bí okùn. Bí kò bá já, ìyẹn jẹ́ ẹ̀rí pé ó kúnná gan-an, àti pé omi tí kò rú ló rọra gbé e kalẹ̀.

Ibùdó kẹrin, àgbàlá ẹni tó ti gbẹ́ kànga rí. Ẹ kí bàbá náà dáadáa, kí àwọn ọmọ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n sì béèrè àwọ̀ erùpẹ̀ tó kọ́kọ́ yọ, èyí tó tẹ̀ lé e, àti bí ó ṣe jìn tó kí ó tó kan òkúta. Kí wọ́n yà á sínú ìwé. Agbẹ́kànga ti ka ilẹ̀ yìí ṣáájú ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé, ìmọ̀ rẹ̀ sì yẹ ní kíkọ sílẹ̀.

Ibùdó karùn-ún, òkúta ẹfun tó wà létí ọ̀nà tàbí tí wọ́n fi ṣe nǹkan nínú ìlú. Ẹ fi ìṣó ha ojú rẹ̀, ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bó bá hó, òkúta ẹfun ni: omi kíkan ń tú afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi awò wò ó bóyá ẹ ó rí ìlà ìkarahun. Lẹ́yìn náà, ẹ na okùn sílẹ̀: mítà mẹ́fà fún ìyẹ́ ẹyẹ Ameki, mẹ́sàn-án fún Nigersaurus, 12 fún ejò Málì. Kí àwọn ọmọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ka iye ọmọ tó gba.

Ibùdó kẹfà, ògiri ilé yín. Láti ṣe sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń lọ òkúta ẹfun pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n ń sun ún nínú iná tó tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú 100 kìlógíráàmù òkúta ẹfun tó mọ́, 44 ń bá afẹ́fẹ́ lọ, 56 sì ń ṣẹ́ kù. Ohun tó ṣẹ́ kù yẹn wá láti ara ìkarahun òkun. Ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì Massè tàbí ti Onigbolo kọ́, inú òkú ẹranko 60 mílíọ̀nù ọdún ni àwọn ará ilé náà ń sùn. Ìbéèrè tó kẹ́yìn: ẹranko wo ló wà nínú ògiri wa?

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe

Kí ẹnikẹ́ni má wọ ibi ìwakùsà láì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Wọ́n ń fi ohun abúgbàù fọ́ àpáta níbẹ̀, ọkọ̀ ńláńlá ń rìn, ògiri òkúta sì lè ya. Bí ilé ìwé bá fẹ́ lọ, kí ọ̀gá ilé ìwé kọ lẹ́tà, kí wọ́n sì tẹ̀ lé ẹni tó mọ ibẹ̀. Igbó orò àti igbó òòṣà kì í ṣe ibi tí a ń fi eré dé. Ẹ bi àwọn àgbà kí ẹ tó gba ọ̀nà kan. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ pọn dandan nítorí ejò àti ẹ̀gún, omi mímu náà sì ṣe pàtàkì.

Bí ọmọ bá rí eyín, egungun tàbí ìkarahun tó ti di òkúta, kó má fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ. Ẹ fi owó ẹyọ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ nọ́mbà GPS àti ọjọ́ sílẹ̀, ẹ sì fi han olùkọ́ tàbí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ní Yunifásítì Abomey-Calavi. Ẹ má tà á. Àdéhùn UNESCO ti ọdún 1970 tó lòdì sí fàyàwọ́ dúkìá àṣà ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ dúkìá tó yẹ kí orílẹ̀-èdè dáàbò bò. Egungun tí wọ́n bá tà lọ sí òkèèrè láìsí nọ́mbà ibi tí wọ́n ti rí i, a kò ní mọ̀ mọ́ bóyá Massè ló ti wá tàbí ibòmíràn.

Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀?

Ipa-ọ̀nà yìí kò ná owó púpọ̀. Fóònù kan, okùn, ọsàn wẹ́wẹ́, ìgò omi, awò kékeré àti páálí mélòó kan ti tó. Olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan lè ṣètò rẹ̀ pẹ̀lú kíláàsì rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn òbí lè tún un ṣe lọ́dọọdún, ìjọba ìbílẹ̀ sì lè gbé pátákó sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè wa àti ní Faransé. Àwọn tó bá kọ́kọ́ ṣe é yóò kọ ìbéèrè tó bá abúlé wọn mu, torí pé ilẹ̀ Ikpinlè, nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, kò rí bákan náà pẹ̀lú ti Massè.

Èrè rẹ̀ ni pé ọmọ Adja-Ouèrè tó bá dé Yunifásítì lọ́la yóò ti mọ̀ pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò lè béèrè ohun tí kò tíì ní ìdáhùn: ẹranko wo ló ṣì wà nínú òkúta Massè tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ lórúkọ? Orúkọ Tógò ti wà nínú Togocetus, orúkọ Niger sì ti wà nínú Nigersaurus. Ó yẹ kí orúkọ ilẹ̀ wa náà wọ inú ìwé àwọn onímọ̀, kí ó sì jẹ́ pé ọmọ ilẹ̀ wa ni yóò kọ ọ́ sí i.